Ṣé olè ni Sugihara? Ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ará ìlú tó dóòlà ẹ̀mí àwọn Júù

Olùkọ́ Ìtàn, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin èwe inú àpéjọ yìí. Ọ̀rọ̀ kan wáyé ní kíláàsì mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà náà. Ogun Àgbáyé Kejì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ náà, mo sì sọ ìtàn Chiune Sugihara fún wọn, ẹni tó ń ṣojú ìjọba Japan ní ìlú Kaunas ní ilẹ̀ Lithuania.

Fún ẹni tí kò bá gbọ́ ọ rí, ìtàn náà kò gùn. Nígbà tí Jámánì gbógun wọ Poland ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1939, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn Júù di ogunléndé, wọ́n sì sá wọ Lithuania tó wà nítòsí. Kò pé ọdún kan tí ìjọba Soviet fi gba Lithuania náà, tí wọ́n sì pàṣẹ pé kí àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè gbogbo ti ọ́fíìsì wọn ní Kaunas kí wọ́n sì máa lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù keje ọdún 1940, Sugihara wo ìta láti ojú fèrèsé, ó sì rí èrò tí wọ́n dúró pitimu lẹ́nu géètì rẹ̀. Físà tí wọ́n fi lè gba Japan kọjá ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ó tẹ wáyà sí Tokyo lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì dá a lóhùn pé ẹni tí ìwé ibi tó ń lọ àti owó ìrìn-àjò rẹ̀ kò bá pé kò gbọdọ̀ gbà á. Sugihara bá Yukiko ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́, ó sì jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kọ físà náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀ di alẹ́, fún bí oṣù kan. Ìyàwó rẹ̀ sọ nígbà tó yá pé òun ni òun ń bá a wọ́ ọwọ́ rẹ̀ tó ti le gbagidi lálaalẹ́, àti pé nígbà tí wọ́n wà nínú ọkọ̀ ojú irin tó máa gbé wọn kúrò ní Kaunas, ó ṣì ń kọ ọ́, ó ń nà án síta láti ojú fèrèsé. Nígbà tí ogun parí, tó sì padà dé ilé ní ọdún 1947, wọ́n ní iṣẹ́ ti tán fún un.

Bí mo ti parí rẹ̀ ni ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní, "Sà, aṣọ́bodè ni bàbá mi. Wọ́n máa ń sọ fún wa nílé pé òṣìṣẹ́ tó bá tẹ òǹtẹ̀ sí ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ní kó má tẹ̀ ẹ́ sí, olè ni. Ṣé olè ni Sugihara?" Agogo lù kí n tó rí ìdáhùn kankan fún un, bẹ́ẹ̀ bí agogo kò tilẹ̀ lù, n kò rò pé ǹ bá rí èyí tó yanrantí. Ọjọ́ Ajé ni mo máa tún bá wọn pàdé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀yin ì bá sọ fún ọmọ náà?

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi sin ìjọba, òǹtẹ̀ sì wà nínú àpótí tábìlì mi fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún ọmọ náà ni pé bàbá rẹ̀ kò purọ́. Òǹtẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó jókòó tì í. Mo ti rí akọ̀wé tó sọ òǹtẹ̀ ìjọba di oko bàbá rẹ̀, tó jẹ́ pé ohun tí o bá mú dání wá ni yóò sọ bóyá ìwé rẹ máa jáde, mo sì mọ ohun tí irú rẹ̀ ń fi ojú mẹ̀kúnnù rí.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti ro ọ̀rọ̀ ìránṣẹ́ jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹrú yóò jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an gẹ́lẹ́, bó bá máa tú ilé kó tú u. Ọmọ a máa ro ohun tí iṣẹ́ náà yóò dá sílẹ̀, nítorí pé orúkọ ilé wà lọ́rùn tirẹ̀. Sugihara jẹ́ iṣẹ́ Tokyo bí ọmọ. Ẹ wo bó ṣe ṣe é. Ó kọ́kọ́ béèrè, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tó wá ń fún wọn ní físà, ó ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó fún wọn àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti wá, ó sì fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ó wà ní ilé iṣẹ́ ìjọba Japan títí di òní, orúkọ tó lé ní 2,100. Èmi tí mo ti jókòó ti fáìlì, ibẹ̀ gan-an ni ojú mi dúró sí. Olè kì í ka ẹrù tó jí sínú ìwé kó tún fi ìwé náà ránṣẹ́ sí olówó. Ẹni tó bá béèrè kó tó ṣe é, tí kò jẹ nínú rẹ̀, tí kò sì fi í pamọ́, olè kọ́ ni onítọ̀hún.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham

Mo kí Bàbá Akọ̀wé, mo sì gba ọ̀rọ̀ wọn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ẹnì kan kún un tí a kì í sábà gbọ́ orúkọ rẹ̀, nítorí pé láìsí tirẹ̀, Sugihara kì bá tí rí ohun tó máa tẹ òǹtẹ̀ sí. Físà ìkọjá ni Japan ń fún wọn. Ẹni tó ń kọjá sì gbọ́dọ̀ ní ibi tó ń lọ. Ta ló fún wọn ní ibi tí wọ́n ń lọ?

Jan Zwartendijk, ará Netherlands, ni. Kì í ṣe ẹni tó kọ́ṣẹ́ aṣojú ìjọba rárá. Ilé iṣẹ́ Philips, àwọn tó ń ṣe gílóòbù iná àti rédíò, ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Kaunas, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wọn di ipò aṣojú mú ní àárín ọdún 1940, lẹ́yìn tí Jámánì ti gba ilẹ̀ wọn. Obìnrin Júù kan tó jẹ́ ọmọ bíbí Netherlands, Pessla Lewin, ló kọ̀wé sí aṣojú àgbà wọn ní Riga, L.P.J. de Decker, ó ní kó bá òun wá ọ̀nà àtilọ sí ilẹ̀ tí Netherlands ń ṣàkóso ní ìhà Amẹ́ríkà. De Decker dáhùn pé ẹni tó ń lọ sí Curaçao, erékùṣù kan lára àwọn ilẹ̀ yẹn, kò nílò físà, àyè tí gómìnà ibẹ̀ bá fúnni nìkan ló nílò, gómìnà náà kì í sì í sábà fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin yìí wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun kọ apá àkọ́kọ́ gbólóhùn yẹn sínú ìwé ìrìnnà òun, kó fi apá kejì sílẹ̀. De Decker sì kọ ọ́ fún un.

Ẹ fara balẹ̀ wo gbólóhùn yẹn. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Ìrù rẹ̀ ni wọ́n gé. Zwartendijk ṣe àdàkọ rẹ̀ fún ìdílé Lewin, lẹ́yìn náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan, nígbà tó sì di ìparí oṣù keje, ẹnikẹ́ni tó bá wá ló ń kọ ọ́ fún. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ kí àwọn ará Soviet tó ti ọ́fíìsì rẹ̀ pa ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, ó ti kọ èyí tó lé ní 2,000. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé ìwé náà sọ́wọ́, wọ́n á rìn lọ sí ilé Sugihara. Àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí wà nínú ìlú kan náà, èkíní ń kọ ibi tí wọ́n ń lọ, èkejì ń kọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà.

Nígbà tí Zwartendijk padà sí Netherlands, abẹ́ ìjọba Násì ti Jámánì ló padà sí. Ó pa ẹnu mọ́, nítorí pé bí ẹnikẹ́ni bá sọ ohun tó ṣe ní Kaunas, orí òun àti ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò bá a lọ.

Òṣìṣẹ́ Ibodè, Ìdìrókò

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ ibodè ni èmi náà ń ṣe, mo sì mọ ohun tí bàbá ọmọ yẹn ń sọ. Lójoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ìtàn tó lè fa omijé lójú èèyàn. Òmíràn jẹ́ òótọ́. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ọmọdébìnrin ni wọ́n ń kó kọjá lọ tà, tí ẹni tó ń kó wọn lọ ló sì mọ ẹkún sun jù. Bí mo bá ní kí àánú máa pàṣẹ fún òǹtẹ̀ mi, ta ni yóò kọjá?

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí a ṣọ́ra fún. Èkíní ni ọ̀rọ̀ iye. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan á ní ẹ̀mí 6,000 ni Sugihara gbà là, ẹlòmíràn á ní 10,000. Lóòótọ́, físà kan lè kó bàbá, ìyá àti ọmọ, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó gba físà ló rí ọ̀nà jáde. Àkọsílẹ̀ tí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ tó ohun tó yẹ ká fi yìn ín, kí ló dé tí a fi ń bù mọ́ ọn? Èkejì ni òwe tí Bàbá Akọ̀wé pa. Iṣẹ́ ẹrú tí a fi tọmọ jẹ́, a ṣì jẹ́ ẹ náà ni. Bí ọ̀gá bá ní "má ṣe é", tí mo sì ṣe é, iṣẹ́ wo ni mo jẹ́?

Òǹkàwé, Àkúrẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ìdìrókò, ẹ rántí pé àwọn kan tẹ̀ lé òfin bó ṣe wà nínú ìwé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1939, ọkọ̀ ojú omi St. Louis gbéra láti Hamburg pẹ̀lú èrò 937, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ Júù. Ìwé àtiwọ ilẹ̀ Kúbà wà lọ́wọ́ wọn, àmọ́ ìjọba Kúbà ti fagi lé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó dé. Èèyàn 28 péré ló sọ̀ kalẹ̀ ní Havana. Ìjọba Amẹ́ríkà náà kò gbà wọ́n. Ọkọ̀ náà yí padà sí Yúróòpù, ìwádìí sì fi hàn lẹ́yìn ogun pé 254 nínú àwọn tó padà ni wọ́n kú nínú ìpakúpa tí Násì pa àwọn Júù. Gbogbo òṣìṣẹ́ tó dá wọn padà ló ṣe ohun tí wọ́n rán wọn.

Pásítọ̀, Ògbómọ̀ṣọ́

Ọmọ wa ní Ìdìrókò, ìbéèrè rẹ mọ́gbọ́n dání, n kò sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Jẹ́ kí n sọ ti ẹnì kan fún ọ tó mọ̀ dájú pé òun kò jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán òun, tí ó sì dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀.

Aristides de Sousa Mendes ni aṣojú ìjọba Pọ́túgà ní Bordeaux, ní ilẹ̀ Faransé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1939, ìjọba Salazar, apàṣẹwàá tó ń ṣàkóso Pọ́túgà nígbà náà, fi ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí gbogbo aṣojú wọn pé wọn kò gbọdọ̀ fún àwọn tí kò ní orílẹ̀-èdè àti àwọn Júù tí wọ́n lé kúrò nílùú wọn ní físà láìkọ́kọ́ gba àyè láti Lisbon. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 1940, àwọn sọ́jà Jámánì ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti àríwá, Bordeaux sì kún àkúnya. Àwọn èèyàn ń sùn nínú mọ́tò, lórí àga ìta, lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti pàdé rábì kan, olùkọ́ ẹ̀sìn àwọn Júù, tó sá wá pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, Chaim Kruger. Sousa Mendes mú wọn wọlé, ó sì ní òun á fún ìdílé náà ní físà. Kruger kọ̀ ọ́. Ó ní òun kò lè gba tòun nìkan kí òun fi àwọn èèyàn òun sílẹ̀ lójú títì.

Ọ̀rọ̀ yìí ló wó Sousa Mendes lulẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó sì dùbúlẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ronú lórí ọjọ́ mẹ́ta yẹn títí. Ọmọ mẹ́rìnlá ni ìyàwó rẹ̀ bí fún un. Owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, láti ìdílé tó ní orúkọ, ó sì mọ irú ẹni tí Salazar jẹ́. Nígbà tó dìde ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù náà, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá béèrè yóò gbà á, kò sí pé ará ibí ni tàbí ará ọ̀hún, kò sí pé ẹ̀sìn wo ló ń ṣe. Wọ́n sọ ọ́fíìsì di ibi tí ìwé ti ń kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́: Kruger fúnra rẹ̀ ń gba ìwé ìrìnnà jọ lọ́wọ́ àwọn tó wà níta, ẹnì kan ń tẹ òǹtẹ̀, aṣojú ń fọwọ́ sí i. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó gé orúkọ rẹ̀ kù, "Mendes" nìkan ló ń kọ, kí ọwọ́ lè yá. Ó tún lọ sí Bayonne àti Hendaye lẹ́bàá ibodè Sípéènì, ó ń ṣe é níbẹ̀ náà.

Wọ́n pè é padà sílé, wọ́n bá a ṣẹjọ́ ní ilé iṣẹ́, wọ́n gé owó rẹ̀ sí ìdajì, wọ́n sì fi tipátipá fẹ̀yìn rẹ̀ tì. Ó dé ibi tí òun àti ìdílé rẹ̀ ti ń lọ jẹun ní ilé oúnjẹ tí àwọn Júù Lisbon ń bọ́ ogunléndé. Wọ́n rò pé ogunléndé ni àwọn náà. Ó kú nínú òṣì ní ọdún 1954. Ọdún 1988 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Pọ́túgà tó dá orúkọ rẹ̀ padà fún un.

Ìwọ bi wá pé ta ni yóò kọjá bí àánú bá ń pàṣẹ. Lójú tèmi, kì í ṣe ẹkún ló pàṣẹ fún Sousa Mendes. Ó mọ ohun tó ń lépa àwọn èèyàn náà, nítorí pé ó ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ó kù bí ọjọ́ mélòó kan kó wọ ìlú.

Alhaji, Ìlọrin

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Mo gbádùn ọ̀rọ̀ yín, àmọ́ ẹ ti fẹ́ sọ ọ́ di ti olóǹtẹ̀ nìkan. Ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò ní òǹtẹ̀.

Ní Albania, tó jẹ́ pé Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní besa: ẹni tí o bá gbà sílé, ẹ̀mí rẹ̀ ti di ẹ̀mí rẹ, o kò sì gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́ bó bá kan ikú. Refik Veseli, ọ̀dọ́mọkùnrin Mùsùlùmí kan, ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò yíyà ní Tirana. Níbi iṣẹ́ yẹn ló ti mọ Moshe Mandil, ayàwòrán tó jẹ́ Júù, tó sá wá láti Yugoslavia. Nígbà tí Jámánì wọ Albania ní ọdún 1943, Refik béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ bóyá òun lè kó ìdílé Mandil wá sí Kruja, ìlú wọn lórí òkè. Wọ́n ní kó kó wọn wá. Òru ni wọ́n ń rìn, wọ́n ń gun ìbaaka. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á sá sínú ihò àpáta. Vesel àti Fatima, àwọn òbí Refik, fi tọkọtìyàwó náà pamọ́ sí yàrá kékeré kan lókè ilé ẹran ọ̀sìn. Àwọn ọmọ Mandil ní tiwọn ń bá àwọn ọmọ àdúgbò ṣeré ní gbangba bí ọmọ Mùsùlùmí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà títí Jámánì fi kúrò ní oṣù kọkànlá ọdún 1944.

Ẹ ro ti àwọn ará àdúgbò yẹn. Wọ́n rí ọmọ àjèjì nílé Veseli, wọ́n ń gbọ́ bí ohùn wọn ṣe ń dún. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó lọ ṣòfófó. Nígbà tí ogun parí, àwọn Júù tó wà ní Albania pọ̀ ju iye tó wà níbẹ̀ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní Manchester

Alhaji, ẹ ṣeun púpọ̀. Ibi iṣẹ́ tiwa náà wà nínú ìtàn yìí. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 1943, òṣìṣẹ́ kan ní ilé iṣẹ́ aṣojú Jámánì ní Copenhagen, Georg Duckwitz, ta àwọn olóṣèlú Denmark lólobó pé àwọn Jámánì fẹ́ kó àwọn Júù. Rábì Marcus Melchior kéde rẹ̀ nínú sínágọ́gù láàárọ̀, ó ní kí wọ́n má ṣe sùn sílé mọ́. Ilé ìwòsàn Bispebjerg wà lára ibi tí wọ́n sá sí. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì gbà wọ́n wọlé bí aláìsàn, wọ́n kọ orúkọ tí kì í ṣe tiwọn sí káàdì wọn, wọ́n sì fi àwọn mìíràn sí ilé tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gbé, kí wọ́n tó rí áńbúláǹsì àti ọkọ̀ tó máa gbé wọn lọ sí etí òkun. Mo mọ bí wọ́ọ̀dù ṣe rí lóru. Mo mọ bó ṣe ṣòro tó láti fi aláìsàn kan ṣoṣo pamọ́ fún ọ̀gá tó ń yípo, ká má tíì sọ ti ọgọ́rọ̀ èèyàn tí ara wọn le koko. Èyí túmọ̀ sí pé láti orí dókítà àgbà dé orí ẹni tó ń gbálẹ̀, gbogbo wọn ló mọ̀.

Àwọn apẹja ló gbé wọn kọjá omi sí Sweden, ó lé ní 7,000 Júù. Ìbéèrè tèmi nìyí, ó sì ń dùn mí láti bi í: àwọn apẹja kan gba owó gọbọi. Ní Yad Vashem, ilé ìrántí tó wà ní Jerusalem, ẹni tó bá ṣe é nítorí owó kò lè gba oyè "Olódodo Láàárín Àwọn Orílẹ̀-Èdè", èyí tí àwọn tó ti gbà á lé ní 28,000 báyìí. Báwo ni ẹ ṣe wo ti apẹja tó gbowó?

Alhaji, Ìlọrin

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ọkọ̀ tí apẹja yẹn fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀ ló gbé jáde, ní àwọn ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ bóyá Jámánì máa yìnbọn rì í. N kò ní pè é ní olódodo, n kò sì ní pè é ní oníjìbìtì. Ẹni tó gùn ún dé Sweden láàyè.

Òṣìṣẹ́ Ibodè, Ìdìrókò

Àwọn àgbà, ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn lánàá. Mo lọ kàwé, mo sì rí òṣìṣẹ́ kan tó ṣe irú iṣẹ́ tèmi gan-an, Paul Grüninger, ọ̀gá ọlọ́pàá ní ẹkùn St. Gallen ní Switzerland, lẹ́bàá ibodè Austria. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1938, ìjọba Switzerland ti ibodè mọ́ àwọn Júù tó ń sá bọ̀ láti Austria. Ẹni tó bá wọlé kí òfin náà tó dé lè dúró; ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà. Grüninger wá ń kọ ọjọ́ ìwọlé wọn sẹ́yìn, kó lè dà bí ẹni pé wọ́n ti dé kí òfin tó jáde. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gba ọ̀pọ̀ ọgọ́rọ̀ èèyàn là. Ní ọdún 1939 wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ láìsí owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n sì dá a lẹ́bi ní kóòtù lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó ń ṣe iṣẹ́ kéékèèké káàkiri títí tó fi kú ní ọdún 1972. Kóòtù kò yí ẹjọ́ náà padà títí di ọdún 1995.

Bàbá Akọ̀wé, ẹ ní ẹni tó bá béèrè, tí kò jẹ nínú rẹ̀, tí kò sì fi í pamọ́ kì í ṣe olè. Grüninger kò béèrè, ó sì fi í pamọ́. Ó kọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ sínú ìwé ìjọba. Níbi iṣẹ́ wa, bí wọ́n bá bá irú èyí lọ́wọ́ mi, ẹ̀wọ̀n ni. Síbẹ̀ n kò lè fi ẹnu mi pè é ní olè. Kí ni mo máa pè é?

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Ọmọ mi, o mú mi, mo sì gbà. Òṣùwọ̀n tí mo gbé kalẹ̀ kò gba Grüninger. Kò tilẹ̀ gba Carl Lutz náà, ará Switzerland kan náà, tó jẹ́ aṣojú ìjọba wọn ní Budapest, ní ilẹ̀ Hungary, ní ọdún 1944. Wọ́n gbà á láyè láti fún Júù 8,000 ní ìwé ààbò. Ó sọ ọ́ di ìdílé 8,000, kò sì jẹ́ kí nọ́ḿbà ìwé náà kọjá 8,000 láé. Bó bá ti dé ibẹ̀, ó ń tún un kà láti ọ̀kan. Ẹni tó bá yẹ ìwé kan wò kò lè rí àléébù, àfi ẹni tó bá kó wọn jọ pọ̀. Mo fi ọwọ́ mi kọ ìwé nọ́ḿbà fún ọ̀pọ̀ ọdún, orí mi sì wú nígbà tí mo kà á.

Nítorí náà, mo yọ ọ̀rọ̀ ìfipamọ́ kúrò, mo sì yọ ti ìbéèrè náà. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi ni ti gbèsè. Olè á jẹ èrè, á sì fi gbèsè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, bóyá ìjọba ni o, bóyá tálákà tó wà lẹ́yìn lórí ìlà. Grüninger, Sousa Mendes àti Sugihara fi àwọn mìíràn sílẹ̀ kí wọ́n jèrè, gbèsè náà sì jẹ́ tiwọn: iṣẹ́, owó ìfẹ̀yìntì, orúkọ. Bóyá ọ̀rọ̀ yìí tó tàbí kò tó, n kò lè búra. Ohun tí mo lè sọ fún bàbá ọmọ yẹn ni pé kó wo ẹni tí gbèsè ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham

Kí Olùkọ́ tó padà sí kíláàsì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn físà, nítorí pé físà nìkan kò gba ẹnikẹ́ni là. Ọkọ̀ ojú irin gbé wọn la Siberia já dé Vladivostok. Saburo Nei, aṣojú Japan níbẹ̀, gba àṣẹ pé kó tún ìwé wọn yẹ̀ wò kó sì dá àwọn kan padà. Ó ní òun kò lè sọ ìwé tí aṣojú Japan mìíràn ti fọwọ́ sí di yẹpẹrẹ. Ọkọ̀ ojú omi gbé wọn dé Tsuruga. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni físà náà fún wọn ní Japan, Curaçao sì jìnnà. Setsuzo Kotsuji, ọ̀mọ̀wé ará Japan tó gbọ́ èdè Hébérù, ló ń bá wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ títí wọ́n fi ń sún ọjọ́ náà síwájú. Àwọn tí kò rí ibi mìíràn lọ ni wọ́n kó lọ sí Shanghai ní ọdún 1941, títí kan gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Júù tí wọ́n ń pè ní Mir, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn jáde lẹ́yìn ogun.

Àwọn ogunléndé láti Poland ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn Júù Lithuania fúnra wọn, tí ìjọba Soviet ti sọ di ọmọ onílẹ̀, kò rí ọ̀nà jáde. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1941, nínú ìlú Kaunas kan náà, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Ninth Fort, wọ́n yìnbọn pa èèyàn tó lé ní 9,000 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn ọmọdé inú wọn lé ní 4,000.

Olùkọ́ Ìtàn, Abẹ́òkúta

Mo ti ti kíláàsì dé, mo sì wá jábọ̀ fún yín.

Mo ka èsì yín fún wọn, pàápàá ibi tí Bàbá Akọ̀wé ti yí ọ̀rọ̀ wọn padà, nítorí mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé àgbà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà mo pín ìwé fún wọn. Mo kọ ohun tó jọ físà Sugihara sójú pátákó ní Yorùbá: nọ́ḿbà, orúkọ, "A ti rí ìwé yìí fún ìrìn-àjò gba Japan kọjá lọ sí Curaçao àti àwọn ilẹ̀ mìíràn tí Netherlands ń ṣàkóso", ọjọ́, ipò, ìfọwọ́sí. Mo ní kí wọ́n máa kọ ọ́, kí orúkọ inú rẹ̀ máa yàtọ̀, kí lẹ́tà kankan má sì wọ́. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù kọ mẹ́sàn-án. Ọmọkùnrin kan nínú wọn ju bírò sílẹ̀, ó ń gbọn ọwọ́, ó sì béèrè pé wákàtí mélòó ni Sugihara ń lò lóòjọ́. Mo ní ìyàwó rẹ̀ sọ pé kì í tilẹ̀ dìde jẹun ọ̀sán. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́, ó mú bírò rẹ̀.

Ọmọ aṣọ́bodè mú tirẹ̀ lọ sílé. Láàárọ̀ yìí ni bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ wá bá mi ní ilé ìwé kó tó lọ sẹ́nu iṣẹ́, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ pé òun gbà, kò sì bá mi jiyàn. Ọ̀rọ̀ Zwartendijk ló fẹ́ gbọ́. Ó ní, "Olùkọ́, ọkùnrin ilé iṣẹ́ gílóòbù yẹn, ṣé ó kú kó tó mọ̀ pé àwọn èèyàn náà dé ibi tí wọ́n ń lọ? Ṣé ẹnikẹ́ni kí i?" Mo sọ fún un pé ọdún 1976 ni Zwartendijk kú, pé ọdún 1997 ni Yad Vashem tó fún un ní oyè. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ká a, ó sì fi í sínú àpò àyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.